Ọmọ tó mọ orin ábídí kò tíì mọ lẹ́tà

Ọmọ ọdún 3 lè kọ orin ábídí láti A títí dé Y láìṣi ọ̀kan, kó má sì mọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Orin ló mọ̀. Ẹ kọ M gàdàgbà sórí bébà, kí ẹ bi í pé kí nìyí. Ẹ ó rí i tí yóò tún orin náà bẹ̀rẹ̀ láti A, tàbí tí yóò máa wo ojú yín bóyá ìdáhùn wà níbẹ̀. Orin náà kò burú o, torí ó ń jẹ́ kí orúkọ lẹ́tà mọ́ ọn lára. Àmọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ló ṣì kù: kí ojú dá lẹ́tà mọ̀, kí etí mọ ìró rẹ̀, kí ọwọ́ sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í yá lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú àti etí ló ń ṣáájú, ọwọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ ti ń ni ọmọ lára nìyẹn, torí pẹ́ńsù ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà yọ.

Ọwọ́ ọmọ kò tíì gbó

Ó nídìí tí ọmọ ọdún 2 fi ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá pẹ́ńsù mú. Eegun kéékèèké 8 ló wà ní ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, gbogbo wọn ṣì rọ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń le, èyí tó sì kẹ́yìn lè dúró di ìgbà tí ọmọ bá tó ọdún 9 sí 12. Iṣan èjìká àti ti apá ló ń kọ́kọ́ lágbára, ti ìka ló ń pẹ́. Ẹ wo ọmọ kékeré tó ń fa ìlà: gbogbo apá rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀, ìka rẹ̀ kò mira rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí ó kọ lẹ́tà, ẹ kọ́kọ́ wo irú ìlà tó lè fà. Ìlà tó dúró ṣánṣán, láti òkè wá sílẹ̀, ló máa ń yá jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń fà á kí wọ́n tó pé ọdún 3. Ìlà tó dùbúlẹ̀ tẹ̀ lé e, òbìrí náà sì máa ń wọlé ní nǹkan bí ọdún 3. Àmì ìropọ̀, níbi tí ìlà méjì ti gba ara wọn kọjá, ń tó ọdún 4. Onígun mẹ́rin wà láàárín ọdún 4 sí 5. Ìlà tó dagẹ̀rẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn: ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọjá ọdún 5 kí wọ́n tó lè ya onígun mẹ́ta tí orí rẹ̀ pàdé.

Ẹ wá wo A ńlá. Ìlà méjì tó dagẹ̀rẹ̀, tí orí wọn gbọ́dọ̀ pàdé, àti ìlà kan tó dábùú wọn. Òun ló ṣáájú nínú ábídí, òun náà sì wà lára àwọn tó le jù fún ọwọ́ ọmọ. K, M, W àti Y kò yàtọ̀. L, T, I, H, E àti F ló rọrùn, torí ìlà tó dúró àti èyí tó dùbúlẹ̀ nìkan ló wà nínú wọn. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò ábídí gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láti kọ́ ọmọ ní kíkọ ti gbé iṣẹ́ tó le síwájú èyí tó rọrùn, láìnídìí kankan.

Iṣẹ́ tí kò jọ ìwé kíkọ ló ń mú ìka lágbára. Ẹ fún un ní bébà àtijọ́ kó máa ya á tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn há páálí mọ́ etí agolo. Títẹ pẹ́ẹ̀gì yẹn kó lè lanu, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló ń ṣe é, àwọn mẹ́ta yìí gan-an ló sì máa di pẹ́ńsù mú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ dá kréyọ̀n sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má gùn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Kréyọ̀n gígùn ń pe gbogbo àtẹ́lẹwọ́ jáde. Èyí tó kúrú báyìí, àtẹ́lẹwọ́ kò ríbi dì í mú, ìka mẹ́ta ló ń gbà á láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ tún lẹ bébà mọ́ ògiri ní ọ̀gangan ojú ọmọ, kó máa yà á níbẹ̀ lórí ìdúró. Ògiri ń mú kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bó ṣe yẹ kó wà nígbà tí èèyàn bá ń kọ̀wé.

Ìyẹ̀fun pípò náà dára. Ìyẹ̀fun ife 2, iyọ̀ ààbọ̀ ife, òróró ṣíbí ńlá kan, ẹ wá máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dì. Omi náà kì í sábà tó ife kan. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ bu ìyẹ̀fun sí i; bí ó bá ń sán, ó fẹ́ omi díẹ̀ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́, torí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara ọmọ kékeré lè gbà. Kí ó yí i gùn bí okùn, kó ní ìbú pẹ́ńsù, kó wá fi tẹ o, l, àti m sórí lẹ́tà tí ẹ kọ sílẹ̀ fún un.

Nípa dídi pẹ́ńsù mú, ẹ má fi ipá ṣe é. Láti àtẹ́lẹwọ́, ọmọ ń bọ́ sí fífi gbogbo ìka dì í mú lókè ní nǹkan bí ọdún 2 sí 3, lẹ́yìn náà ìka mẹ́ta ní nǹkan bí ọdún 3 ààbọ̀ sí 4, àmọ́ tí gbogbo ọwọ́ ṣì ń rìn. Ìgbà tí ìka fúnra wọn bá ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ máa ń wà láàárín ọdún 4 ààbọ̀ sí 6. Bí ọmọ ọdún 5 bá ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ dì í, ẹ padà sí kréyọ̀n kúkúrú, kí ẹ sì fún bébà kékeré kan pọ̀ róbótó kó fi ìka méjì tó kẹ́yìn há a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìka mẹ́ta yòókù nìkan ló máa wá ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà wo ló yẹ kó ṣáájú?

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ ni. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́kọ́ dá mọ̀, torí pé tiwọn ni, tí ojú wọn sì ń rí i lára báàgì àti ìwé wọn. Orúkọ Yorùbá lè gùn o. Olúwáṣeun jẹ́ lẹ́tà 9. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ṣeun, tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá ń pè é nílé. Kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó wà, lẹ́tà ńlá kan níwájú, kékeré lẹ́yìn. Ọmọ tó ti fi ọdún méjì kọ ṢEUN kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́, wàhálà rẹ̀ sì ń dé iwájú.

Lẹ́yìn orúkọ ńkọ́? Ábídí Yorùbá ní lẹ́tà 25. Bí ẹ bá ń fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ lẹ́tà kan, ó tó nǹkan bí oṣù 6 kí ẹ tó kan Y, ọmọ á sì ti gbàgbé B tipẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí lẹ́tà tuntun 2 tàbí 3 máa wọlé lọ́sẹ̀, kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ máa yọjú lójoojúmọ́. Ẹ yan àwọn tí ìrísí wọn jìnnà síra. Èmi fẹ́ràn kí m àti o ṣáájú, kí i tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà a, lẹ́yìn náà l. Pẹ̀lú lẹ́tà 5 yìí, ọmọ ti lè rí «omi», «mama», «ìlà» àti «àmì» lójú ìwé. Àwọn tó jọra ni kí ẹ má kó wá lọ́jọ́ kan náà: b àti d, b àti p, m àti n, n àti u. Kí ọ̀kan rinlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta kí èkejì tó dé.

E àti Ẹ, O àti Ọ, S àti Ṣ ń fẹ́ ìfarabalẹ̀. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìró wọn kò dọ́gba, nítorí náà kí ẹ má pe Ẹ ní «E tó ní àmì» kí ọmọ má baà rò pé ohun kan náà ni. Kí èyí tí kò ní àmì kọ́kọ́ dúró dáadáa. GB náà ń dúró de g àti b. Bí ọmọ kò bá tíì mọ àwọn méjèèjì, àwòrán rúdurùdu lásán ni yóò rí. Àmì ohùn ní tirẹ̀ kò kan ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi sórí ohun tí ẹ kọ fún un, kí ojú rẹ̀ máa rí i, àmọ́ ẹ má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà ni kò ṣe é fò.

Àríyànjiyàn lẹ́tà ńlá àti kékeré kò yẹ kó pẹ́. Lẹ́tà ńlá rọrùn fún ọwọ́, lẹ́tà kékeré ló kún inú ìwé. F, I, J, K, M, O, Ọ, P, S, Ṣ, T, U, W àti Y: ńlá àti kékeré wọn jọra, nítorí náà ẹ kọ́ ọ pa pọ̀. Àwọn 11 tó kù, A, B, D, E, Ẹ, G, GB, H, L, N àti R, ló gba kí ẹ kọ́ ọ ní ìrísí méjì. Fún a àti g kékeré, ẹ kọ ọ́ bí ọwọ́ ṣe ń kọ ọ́. Oríṣi a tó ní ìkọ́ lókè, tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé, ọmọ á bá a pàdé tó bá yá.

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta

Ìlànà kan wà tó ti pẹ́, tí n kò rí èyí tó sàn jù ú lọ. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, lò ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tó ṣí ní Róòmù ní 1907; ọ̀dọ̀ Édouard Séguin, ará Faransé, ló ti rí i.

Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ẹ má kọjú sí i, kí ẹ̀yin méjèèjì lè máa rí lẹ́tà láti apá kan náà. Ẹ gbé m àti o síwájú rẹ̀, méjì péré. Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ fọwọ́ kan m, ẹ pe ìró rẹ̀, «m», kí ó tún un pè, kó sì fi ìka tẹ̀ lé ìrísí rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o. Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ má bi í pé kí nìyí. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa dárúkọ, kí òun máa wá a. «Fi m hàn mí. Gbé o sábẹ́ àga. Fi m lé mi lọ́wọ́. Ó yá, dijú. Èwo ni mo gbé kúrò?» Ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù, kó dà bí eré. Ìgbésẹ̀ kẹta ni «Kí nìyí?»

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífo ìgbésẹ̀ kejì. Dídá nǹkan mọ̀ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ rọrùn ju kí èèyàn fúnra rẹ̀ ṣa orúkọ náà jáde láti inú orí. Ọmọ tí wọ́n bá bi ní «kí nìyí» kíákíá á méfò, ìméfò náà ló sì máa rọ̀ mọ́ ọn lọ́kàn. Bí ó bá ṣì í ní ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ má sọ pé rárá. Ẹ kàn padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, tàbí kí ẹ kó o kúrò nílẹ̀ di ọ̀la.

Ẹ ṣọ́ra fún ìmọ̀ èké. Ọmọ lè mọ lẹ́tà lára pátákó torí ó mọ ipò rẹ̀: ìkẹta láti òkè ni D. Ó lè mọ káàdì torí pé igun rẹ̀ ti ya. Bí àwòrán ajá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ A, ajá ló ń kà, kì í ṣe A. Nítorí náà, nígbà ìdánwò, kí lẹ́tà wà láìsí àwòrán, ní ìbòmíràn, láàárín àwọn lẹ́tà mìíràn. Mo máa ń kà á sí pé ọmọ mọ lẹ́tà kan bí ó bá mú un láàárín lẹ́tà 6 láìṣì í, ní ọjọ́ 3 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Orúkọ ni ká kọ́ ni, àbí ìró? Ní ti fáwẹ́lì Yorùbá, ọ̀kan náà ni wọ́n: a, e, ẹ, i, o, ọ, u, bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ni wọ́n ṣe ń dún. Kọ́ńsónáǹtì ló ní ìró i nídìí orúkọ: bí, dí, fí. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ so ìró pọ̀, ẹ gé i náà kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ «b» àti «a» á di «bía» lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn ní ìṣòro tirẹ̀, tí àwọn àgbà kì í sábà fura sí. Lẹ́tà E lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ orúkọ tó dún bí I ti Yorùbá. Orúkọ A ti Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ E ti Yorùbá. Ọmọ tó bá tọ́ka sí E tó ní «i» lè má ṣi ohunkóhun. Èdè kejì ló fi dáhùn. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà bíi 8 sí 10 rinlẹ̀ ní èdè kan kí ẹ tó mú èkejì wọlé, kí àkókò wọn má sì papọ̀.

Lẹ́tà tó kọjú sẹ́yìn

Ife ni ife, ìbáà jẹ́ ọ̀tún ni etí rẹ̀ kọjú sí tàbí òsì. Láti ìgbà tí ọmọ ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni ọpọlọ rẹ̀ ti ń kọ́ bẹ́ẹ̀: nǹkan kì í yí padà torí pé ó kọjú síbòmíràn. Lẹ́tà wá dé, ó ní irọ́ ni, pé bí ikùn bá wà lọ́tùn-ún b ni, bí ó bá wà lósì d ni. Ọmọ ń sapá láti gbàgbé ohun tí ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ìdí tí J àti S fi ń kọjú sẹ́yìn nìyẹn, títí kan odindi orúkọ tí ọmọ mìíràn ń kọ láti ọ̀tún lọ sósì. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè bá ọmọ dé nǹkan bí ọdún 7.

Ohun tó ń ṣèrànwọ́ fún b àti d ni ọwọ́, kì í ṣe ojú. Ìlà gígùn ni b fi ń bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ikùn ni d fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlà ló kẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ wọn yàtọ̀, ọmọ kì í ní láti ronú nípa ọ̀tún àti òsì mọ́.

Ìka kí ó tó di pẹ́ńsù

Ẹ gé páálí tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, 12 ní ìbú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kọ lẹ́tà kékeré kan sórí rẹ̀, kó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí ìlà rẹ̀ fẹ̀ tó ìka. Ẹ wọ́n iyanrìn kúnnákúnná sí i, ẹ gbọn ìyókù dànù, kí ó gbẹ mọ́jú. Sáńpépà tó kúnná náà ṣe é gé. Èyí tó le á máa họ ọmọ níka, kò sì ní fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Montessori fi fáwẹ́lì sórí páálí aláwọ̀ búlúù, kọ́ńsónáǹtì sórí èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wúlò nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀. Ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni ọmọ á fi tọ ìlà náà, bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń pe ìró.

Lẹ́yìn náà, àwo pẹrẹsẹ tí iyanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Ààbọ̀ sẹ̀ǹtímítà péré ni kí iyanrìn náà jìn. Bí ó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìlà á máa wó padà, ọmọ kò ní rí ohun tó kọ. Kí ìdí àwo náà dúdú tàbí kó ní àwọ̀ tó yàtọ̀ gédégédé sí ti iyanrìn. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tí ọmọ bá ṣì í, ó gbọn àwo náà, àṣìṣe ti lọ, kò sí ẹni tó rí i.

Pẹ́ńsù dé

Ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí lẹ́tà ṣe rẹwà lọ. Gbogbo lẹ́tà ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè tàbí láàárín, kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi àmì aláwọ̀ ewé kan sí ibi tí pẹ́ńsù á ti kọ́kọ́ balẹ̀.

Ẹ wo o. Òbìrí rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lókè lápá ọ̀tún díẹ̀, níbi tí òǹkà 1 wà lójú agogo, ó ń gba apá òsì lọ sísàlẹ̀, ó ń padà gòkè lápá ọ̀tún. Ọmọ tó bá gba apá ọ̀tún lọ á parí o tó dára, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Wàhálà ń dé ní a, d àti g. Ọwọ́ rẹ̀ á ti parí òbìrí náà níbi tí kò yẹ, á wá gbé pẹ́ńsù sókè kó lè fa ìlà ẹ̀gbẹ́; àyè á ṣí sílẹ̀ láàárín, d á di o àti l tó dúró jìnnà síra. Ẹni tó bá ń wo ìwé lẹ́yìn tí ọmọ ti kọ ọ́ tán kò lè rí orísun rẹ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ máa wò, nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Nítorí èyí, ẹ kó lẹ́tà jọ nípa bí ọwọ́ ṣe ń rìn. Àwọn tó ń wálẹ̀ tààrà: l, i, t. Àwọn tó ń gba apá òsì yí: o, a, d, g, e, s. Àwọn tó ń wálẹ̀, tó ń padà gòkè lórí ìlà kan náà kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú: r, n, m, h, b, p. U, w, y, j, f, k á wá tẹ̀ lé wọn. Ẹ, ọ àti ṣ ń wá lẹ́yìn èyí tí wọ́n jọ, àmì wọn ló sì ń kẹ́yìn, lábẹ́ gan-an, láàárín. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ i lè gbé àmì náà sórí. Ó rò pé gbogbo àmì, òkè ni ibùgbé rẹ̀. Kí ẹ má kọ́ i àti ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ìwé tí wọ́n fi àmì tótòtó kọ lẹ́tà sí, kí ọmọ tọ̀ ọ́, gbajúmọ̀ ju bí iṣẹ́ rẹ̀ ti tó lọ. Ojú ọmọ kì í rí lẹ́tà níbẹ̀. Àmì kan sí èkejì ló ń wò, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù ú. Ní 2012, Karin James ti Indiana University ní Amẹ́ríkà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 5 tí kò tíì mọ̀wé kà. Apá ọpọlọ tí èèyàn fi ń kàwé ta jí sí lẹ́tà tí àwọn ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ, ju èyí tí wọ́n tọ̀ lórí àmì tàbí tí wọ́n tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lọ. Lẹ́tà wíwọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ wúlò, torí òun ló ń jẹ́ kí ó mọ ohun tó sọ lẹ́tà di lẹ́tà. Bí ẹ bá ti ra ìwé tótòtó náà, kí ó tọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, kó kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó. Ojú ìwé tó kún fún a àti a àti a ń bàjẹ́ sí i bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Tó bá dé ìlà kẹrin, àṣìṣe ló ń fi kọ́ra. Ọmọ ọdún 3, ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ọmọ ọdún 4 sí 5, ìṣẹ́jú 10, ó pọ̀ tán, lójoojúmọ́. Ẹ kó ìrésà kúrò nítòsí. Ọmọ tó bá rí i á máa pa rẹ́ ju bó ṣe ń kọ lọ, bébà á sì ya. Kí ó tún un kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì wá jọ yan èyí tó dára jù, kó fi òbìrí yí i ká.

Tí ó bá ń tẹ pẹ́ńsù jù, ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ká sábẹ́ bébà: bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, bébà á lu, òun fúnra rẹ̀ á dẹwọ́. Tí kò bá lágbára, tí ìlà rẹ̀ kò hàn, ẹ fún un ní pẹ́ńsù 2B, èyí tí ẹnu rẹ̀ rọ̀, tàbí ṣọ́ọ̀kì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àpótí sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń fì lófuurufú ń mú kí ọwọ́ máa wá ibi tí yóò fi ara tì.

Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí bébà rẹ̀ díẹ̀ kí orí rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún. Ti ẹni tó ń lo ọ̀tún ń kọjú sí òsì. Kí ó di pẹ́ńsù mú ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 sí ẹnu rẹ̀, kó lè rí ohun tó ń kọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ló ń bo lẹ́tà bó ṣe ń lọ. Ẹ kọ àpẹẹrẹ sí apá ọ̀tún fún un. Ọ̀pọ̀ wọn ń fa ìlà tó dábùú t àti f láti ọ̀tún lọ sósì. Kò ba nǹkan kan jẹ́.

Bí ọmọ ọdún 5 tí wọ́n ti fi sùúrù kọ́ fún oṣù mélòó kan kò bá tíì dá ju lẹ́tà mélòó kan mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é ní olódo. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ s àti ṣ dáadáa kò lè so ìró mọ́ ìrísí.

Ìlà ìwé ló kẹ́yìn. Bébà tí kò ní ìlà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kí lẹ́tà tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7. Nígbà tí ìrísí bá ti dúró, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo, kí lẹ́tà máa jókòó lé e. G, j, p àti y á na ìrù sábẹ́ rẹ̀, àmì ẹ, ọ àti ṣ náà á sì wà nísàlẹ̀ ìlà. Ìlà kejì, lókè, ń wọlé nígbà tí ó bá ti ń kọ orúkọ rẹ̀ láìwo àpẹẹrẹ, kí àyè àárín ìlà méjèèjì sì tó sẹ̀ǹtímítà 2 kí ẹ tó máa dín in kù.